Tíì Mbah Paniyem

Bí ẹ bá pàdé Tiurma lọ́nà, ẹ ó rò pé ó ń bá gbogbo ayé jà ni. Ọmọ ẹ̀yà Batak ni, láti ìlú Medan tó wà lókè òkun sí tiwa, ohùn rẹ̀ kì í relẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn wa ní Wonosari, níbi tí mo ti ń fọ ife, òun ló ń kọ́ àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa bí wọ́n ṣe máa tún ronú létòlétò. N kò tíì rí onísùúrù bíi tirẹ̀.

Ẹ wo ti Mbah Paniyem. Alùpùpù ló gbá ìyá àgbà náà, orí ló fi balẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bí ẹ bá ní kó po tíì, inú ṣúgà ni yóò da omi sí. Tiurma pín iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ méje, ó ya àwòrán wọn sára ògiri, ó sì ń bá a ṣe é lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Nígbà tó yá, màmá kì í wo ògiri mọ́.

Àmọ́ ìgbésẹ̀ keje, kó mu tíì náà, kò ṣe é rí. Yóò pò ó tán, yóò jókòó tì í títí yóò fi tutù. Ó ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Tiurma kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ màmá sì ti búra pé bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, òun yóò ta ilé màmá, òun yóò mú un lọ sọ́dọ̀ òun ní Batam lókèèrè. Màmá sunkún nítorí ilé yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ ìdánwò kẹta, mo wọlé láti kó ife. Mo bá Tiurma àti màmá tí wọ́n ń wo ara wọn, tíì wà láàárín.

"Bu Tiurma," mo béèrè, "ṣé ẹ ti ní kí màmá mu ún?"

"Kí n sọ fún wọn kẹ̀? Ìdánwò mà ni!"

"Háà! Ẹ̀yin ará Medan yìí! Yàrá ta nìyí? Ṣebí tiyín ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, àlejò wo ló ń gbé ife kí onílé tó ní kó mu? Àbí ọ̀kánjúwà ni wọ́n?"

Ojú ti Tiurma. Ohùn rẹ̀ relẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Monggo, Mbah. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún."

Màmá gbé ife, ó mu ún tán. "Ó mà ti tutù o. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣàlejò lọ́dọ̀ yín nìyẹn, mi ò fẹ́ dójú tì yín."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a lọ kí i nílé rẹ̀ tí wọn ò tà mọ́. Ó po tíì, ó gbé e síwájú wa. Tiurma gbọ́wọ́ lé itan, kò fọwọ́ kàn án. Màmá wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná.

"Monggo," ó wí.