Gàárì Tí Wọ́n Ń Dúró Dè ní Gonzagueville

Ẹ bá mi yin fótò, ọba gbogbo iṣẹ́ àánú! Kì í ná ni lówó, kì í mú ni làágùn. Ẹni tó bá ti jókòó lé gàárì tí ẹlòmíràn rán, tó na àyà, tó rẹ́rìn-ín, tó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa lárugẹ," ti gbé e lárugẹ tán. Oúnjẹ ọ̀sán ló kù.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ló gbé mi dé Abidjan. Ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn, tó ń múra àpérò lórí iṣẹ́ ọwọ́, ní kí n lọ wo bí iṣẹ́ awọ kò ṣe ní parun. Ọkọ̀ wa kúrò ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ààlà mẹ́rin la kọjá. Láti Noé, ẹnubodè Ivory Coast, wọlé, ọ̀nà dán débi pé mo ń retí kòtò títí a fi dé ibùdókọ̀ Adjamé ní Abidjan lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ àtíẹ́kẹ́, gbágùúdá tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ooru sè, bíi gàrí tó kọ̀ tí kò di ẹ̀bà. Tòun ti ẹja díndín, ẹgbẹ̀rún sẹ́fà, owó wọn. Gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, gba igba sẹ́fà lọ́wọ́ mi dé àdúgbò Williamsville.

Ilé Bàbá Ràímì ni mo dé sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ awọ níbẹ̀ kí n tó wọ yunifásítì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sáfú, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ló ń rán gàárì báyìí. Nílé, ọjọ́ ọdún la sábà ń di ẹṣin ní gàárì. Níbí, àwọn olówó ń gun ẹṣin létí òkun ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Ọgbà ẹṣin kan ní Gonzagueville, létí òkun Abidjan, ti ní kí Sáfú rán gàárì kan wá. Bó bá bá ẹṣin wọn mu, òun ni yóò máa rán tiwọn, tí yóò sì máa tún un ṣe. Bí kò bá bá a mu, ti ilẹ̀ Faransé ni wọn yóò máa rà lọ, òun yóò sì padà sídìí títa fóònù ní Adjamé.

Gàárì náà wà lórí igi, awọ rẹ̀ ṣì tutù.

"Tonton, ẹ má jókòó lé e o," Sáfú, tó ń pè mí ní àbúrò bàbá lédè Faransé, kìlọ̀ fún mi. "Irun àgùntàn inú rẹ̀ á wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra òwú. Kò tíì dé tí àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Abidjan fi wọlé, agbádá mẹ́ta, fóònù mẹ́fà. Alága kò béèrè; ó gun gàárì.

"Alága, ẹ yíjú síbí! Ẹ na ọwọ́ bí jagunjagun!"

Ojú ti Bàbá Ràímì láti lé wọn. Nígbà tí Sáfú dé, ó fọwọ́ kan awọ náà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Papa, ta ló jókòó lé gàárì mi?"

"Alága ni," Bàbá wí, ó ń wo ilẹ̀.

Ní Gonzagueville lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dì í mọ́ ẹṣin. Ó tẹ̀ sí òsì. "Ça penche," ni obìnrin tó ni ọgbà náà wí, pé ó tẹ̀. Ó ti ń yíjú padà.

"Trente minutes, madame," Sáfú wí, pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òun fẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó tú ikùn gàárì, ó fi òlu tún irun àgùntàn náà tò, ó sì rán an padà. Ẹṣin sáré dé etí omi, ó padà, gàárì kò mì. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn yàrá kan: gàárì mẹ́rìnlá wà níbẹ̀ tó ń dúró de àtúnṣe.

Nínú gbákà, Sáfú ń rẹ́rìn-ín. "Ìdí Alága yẹn, ó tó àpò sìmẹ́ńtì méjì!"

"Má bú àgbà," ni bàbá rẹ̀ wí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Mo ti délé. Mo ti sọ fún ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n gbàgbé àpérò, kí wọ́n wá ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sáfú. Apá òun nìkan kò ká gàárì mẹ́rìnlá. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù: àárín gbọ̀ngbọ̀n gàárì náà ni Alága jókòó sí, mo rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Alága wá, kí ará ilé tó jí, èmi ni mo gun gàárì náà, tí mo tẹ̀ sí òsì kí ojú mi lè mọ́lẹ̀ nínú fótò. Mi ò tíì sọ fún Sáfú.