Márùn-ún Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Yàrá tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní sí, ibi tí wọ́n ń kó iṣu oko ilé ẹ̀kọ́ sí ni tẹ́lẹ̀, òórùn iṣu tó ti rà kò sì kúrò níbẹ̀ rárá. Ní bí ọdún 2002 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Òkè-Àkó. Èmi nìkan ni olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, mo sì ń fi yangàn.

Obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa. Pírínsípà ti gbà fún un kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ arúgbó ta gàrí lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà nìkan. Nígbà tó yá, pírínsípà ní ọjọ́ tó ń pa jẹ ti pọ̀ jù, pé irọ́ ló ń pa, òun yóò lé e. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Mi ò pa urọ́, sà. Ọjà ọrún-ọrún nìkan ni mo ń lọ. Uṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ."

Èmi ni mo dá sí i, ẹnu mi kì í gbélé. Mo ní kí wọ́n kó rẹ́jísítà oṣù mẹ́rin fún mi, pé kọ̀ǹpútà kì í ṣègbè. Ogún ọjọ́ ni kò wá síṣẹ́, mo sì tẹ déètì wọn sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà náà, nítorí náà mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ọjà kan, kí ó máa fi márùn-ún lé e títí, kí a wo èyí tó bá a mu. Nínú ogún, mẹ́rin péré ló bọ́ sí ọjọ́ ọjà. "Ó tán," ni pírínsípà wí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lé e, inú mi sì ń dùn pé ètò mi ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, lọ́jọ́ ọjà kan, mo bi ìyá mi pé ìgbà wo ni wọn yóò tún ná an. Ó ń ka ìka rẹ̀, òní gan-an ló sì fi ṣe ìkínní, ọjà tó ń bọ̀ ló wá di ìkarùn-ún. Ẹ ò rí i, bí àwọn baba wa ti ń kà á nìyẹn, bí èmi náà ti ń kà á láti kékeré nìyẹn, láìronú. Láti ọjà kan dé èkejì, mẹ́rin ló yẹ kí kọ̀ǹpútà fi lé e. Mo sáré lọ yí márùn-ún sí mẹ́rin: ogún nínú ogún ló bá a mu.

Pírínsípà wo ìwé tí mo tẹ̀ jáde, ó ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn, ká má tún tú u. Mo gbé e lọ bá obìnrin náà nílé. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó, kò tilẹ̀ nawọ́ gba ìwé náà.

"Tíṣà, kí ló wà nínú rẹ̀ tí èmi kò ti fi ẹnu mi wí?"

Ó ń dùn mí títí di òní, kì í sì í ṣe ìṣirò tí mo ṣì ló dùn mí jù, ẹnikẹ́ni lè ṣì í kà. Ká ní pírínsípà ló sọ pé ọjà lòun lọ, tí kọ̀ǹpútà sì ní irọ́ ni, ètò mi ni ǹ bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló sọ ọ́, ni mo bá gba kọ̀ǹpútà gbọ́.