Ibi Tí Katakata Yóò Ti Yí

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdébìnrin tí ìyá ń fà lọ́wọ́ lọ sóko, katakata méjì péré ni mo mọ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ọkùnrin kan ní Owódé ló ni wọ́n, òun ló sì máa ń wà wọ́n wá túlẹ̀ fún ẹni tó bá háyà wọn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé àwọn òmìrán tí ìjọba fi ń túlẹ̀ ni mò ń sọ o. Katakata kéékèèké ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ dáadáa. Èyí tó tóbi ga, ó lágbára, ariwo rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé oko. Èyí tó kéré kò ga ju èjìká ìyá mi lọ, àwọn èèyàn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ lásán lè tì í ṣubú.

Mo fẹ́ sọ bí ìyá mi ṣe fi èyí tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gba ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé mò ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́n ọn. Ó tọ́ sí i.

Ìjẹmọ̀ ni ilé wa wà ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Wásinmi ni bàbá mi ti ń dáko. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́. Ìyá mi ló kéré jù nínú wọn, èmi nìkan ṣoṣo ló sì bí fún un. Nígbà tí bàbá kú, orí-ò-jorí ni àwọn àgbà ẹbí fi pín oko: bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó nídìí ìyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó kàn án ṣe máa fẹ̀ tó. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo èyí tó kàn wá. Ó gùn lóòótọ́, láti ojú ọ̀nà títí dé etí odò, àmọ́ tín-ín-rín ni. Wọ́n gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá ààlà. Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa àgbà, àkọ́bí bàbá mi, ló wà lápá ọ̀tún wa, ó sì fẹ̀ bíi pápá ìṣeré.

Ẹ̀gbọ́n wa yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Aṣọ ló ń tà ní Ìtòkú, ó sì ti bímọ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi ń pè é ní ọkọ mi, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń pe ọmọ tó bá nínú ilé. Òun náà ń pè é ní ìyàwó wa.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó pe gbogbo ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní a ti fi ọkọ́ ro ilẹ̀ tó gẹ́ẹ́, pé òun fẹ́ háyà katakata ńlá ti Owódé. Inú gbogbo wa dùn. Ó wá ní ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Tí katakata ńlá bá túlẹ̀ dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ òun, ó gbọ́dọ̀ rí àyè tí yóò ti yí padà, àyè ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Tí òun bá fi í sílẹ̀ lára ilẹ̀ tòun, ilẹ̀ dáadáa ni òun fi ṣòfò. Ilẹ̀ ìyàwó wa sì rèé, tó tín-ín-rín débi pé katakata ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí á hú pèrègún ẹ̀gbẹ́ kan, kí katakata máa yí lórí ilẹ̀ wa. Àwọn á máa fún wa ní ẹ̀gẹ́ tí a óò fi ṣe láfún lọ́dọọdún, ebi ò ní pa wá.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ilẹ̀ wa di ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Kò sí ẹni tó rò pé ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, torí ó jọ ọgbọ́n. Inú mi bà jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè di Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú okùn gígùn kan tó fi ń di ẹrù láfún, ó fà mí lọ́wọ́, a wọkọ̀ lọ sí Owódé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbangba iwájú ilé oníkatakata sì tutù. Ìyá mi kí ọkùnrin náà, ó ní òun ò tíì wá háyà nǹkan kan, kí ó jọ̀ọ́ wa àwọn méjèèjì yí po fún òun, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gun èyí tó tóbi, ó lọ́ sítíárìn dópin, ó yí. Ojú táyà hàn kedere nínú ẹrẹ̀. Ìyá mi ní kí n di orí okùn mú sí etí kan, òun náà fà á dé etí kejì, ó ta kókó síbẹ̀.

Ó wá kan èyí tó kéré. Oníkatakata ti ń gbádùn eré yìí báyìí. Ó ní kí ìyá mi wo ẹsẹ̀ òun, pé bíréèkì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Ó tẹ ti apá kan, táyà ẹ̀yìn apá ọ̀hún dúró sójú kan, katakata náà sì yí po lórí rẹ̀. Ó ní èyí tó tóbi náà ní irú bíréèkì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gùn jù, táyà iwájú rẹ̀ jìnnà sí tẹ̀yìn, kò lè ká ara rẹ̀ kò báyìí láéláé. A tún ta kókó kejì. Kókó méjèèjì jìnnà síra wọn débi tí mo fi bú sẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ a gba oko lọ. Nígbà tí a fa okùn láti ìdí pèrègún apá òsì dé kókó ti katakata ńlá, ó wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa lọ réré. Ti kékeré wọ àárín pèrègún méjèèjì, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Ìyá mi jókòó sórí ebè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, ó kúnlẹ̀ láàárín ẹbí, ó sì sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé katakata kékeré wá sórí ilẹ̀ mi. Tí kò bá lè yí níbẹ̀ láìfara kan pèrègún, èmi fúnra mi ni màá hú u fún yín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n túlẹ̀, gbogbo wa la wà lóko. Mi ò ní purọ́ mọ́ katakata ńlá o. Lórí ilẹ̀ fífẹ̀, ọ̀gá ni. Ó lalẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ti lọ jìnnà kí oòrùn tó mú. Ìgbà tí kékeré wọ ilẹ̀ tiwa, ó rọra ń lọ ni, àwọn ọmọ ẹbí sì ń bi ìyá mi pé ṣé kí àwọn bá a tì í. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé etí odò, níbi tó ti gbọ́dọ̀ yí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí a ò wọ̀n. Ní Owódé, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn katakata. Báyìí, irin ìtúlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yọ jáde. Ìyá mi náà ti rí i. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dùn mí, mi ò sì lè sọ pé ó ń dùn mí. Oníkatakata gbé irin sókè, ó tẹ bíréèkì, ó lọ́ sítíárìn. Ìdí katakata fì sọ́hùn-ún, ewé pèrègún mì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Katakata ti yí, ó ti kọjú sí ọ̀nà, ó ń túlẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa rìn lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdí pèrègún wọ̀nyẹn níkọ̀ọ̀kan, ó wo ojú táyà nínú ilẹ̀. Ìgbà tó dìde, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló kọrí sí.

"Ìyá, kò fara kan ọ̀kankan, ilẹ̀ yín ni," ló wí. "Tó bá ṣe tán níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó bá mi wọ ìdí àwọn igi obì mi lọ́hùn-ún. Èyí ńlá ò lè yí láàárín igi."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kó pè é ní Ìyá, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ títí ó fi kú. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe fáàrí kankan. Èmi ló fi fáàrí ọ̀hún sílẹ̀ fún, mo sì ń ṣe é lọ láti ìgbà náà. Ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ tín-ín-rín yẹn ló rán mi níwèé.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ní katakata kékeré tèmi báyìí, ọmọ mi obìnrin ló ń wà á, kò sì sẹ́ni tó ń dúró wò ó. Ẹ̀gbọ́n wa ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ta ilẹ̀ fífẹ̀ yẹn tán. Ilé ló kún ibẹ̀, fẹ́ǹsì kan fẹnu ko òmíràn lẹ́nu. Oníkálukú kọ́lé dé ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ, wọn ò fi àyè sílẹ̀. Mọ́tò tó bá wọlé síbẹ̀ ò lè yí padà, àfi kó bọ́ sórí oko wa. Láràárọ̀ ni àwọn awakọ̀ máa ń dúró lẹ́bàá pèrègún, tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ o, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á yí mọ́tò níbí, ilẹ̀ yín gbà wá o.

Mo máa ń ní kí wọ́n yí i. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kì í ṣe ilẹ̀ mi o. Ilẹ̀ ìyá mi ni.