Òkúta Kẹrin ní Ilẹ̀ Ilé Ìwé

Ọláoyè bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ tuntun. Ó dúró díẹ̀, ó sún síwájú, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Ìyá Oore-ọ̀fẹ́, olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ẹ́sítéètì, ló bèèrè láti ẹ̀bá ọ̀nà.

"Òkúta ààlà. Mẹ́ta la rí. Ó ku ẹyọ kan."

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìjọba ń pín igbó ọ̀nà Ìyìn yìí sí ilẹ̀ ilé, Ọláoyè ni lébírà tó ń ru òkúta onísìmẹ́ńtì tẹ̀lé wọnlẹ̀wọnlẹ̀, tó sì ń rì wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ gbọọrọ kan sílẹ̀ nínú àwòrán fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé dé, ó kún fọ́fọ́. Ilé ìwé kò dé. Láràárọ̀ ni Ọláoyè ń fa ọmọ ọmọ rẹ̀, Dùnmínínú, lọ́wọ́ sọdá títì márosẹ̀, àyà rẹ̀ a sì máa já títí wọn á fi dé òdì kejì.

Nísinsìnyí owó ìkọ́lé ti jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń bẹ ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba pé kí wọ́n gé ilẹ̀ náà fún àwọn. Fúnkẹ́mi, ọ̀dọ́bìnrin wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ọ́fíìsì rán wá, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé lónìí, ilé ìwé ló nilẹ̀, bí wọn kò bá pé, ọ́fíìsì yóò tún un pín.

"Pèrègún ni mo gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí koríko má baà bò wọ́n," ni Ọláoyè wí. "Ta ló hú ti ibí?"

Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ wolẹ̀. "Àwa ni, sà. Nígbà ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. A rò pé ojúbọ ni."

"Ojúbọ kẹ̀! Èmi tí mò ń kọrin ní kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgèdè nígbà náà?"

"Ẹ má bínú. A tiẹ̀ tún da òróró síbẹ̀."

Fúnkẹ́mi fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti yà á sí mímọ́ fún wa nìyẹn."

Ọláoyè kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń kanrí. "Ẹ dúró bí ẹ ṣe dúró lọ́jọ́ náà."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ojú ń tì í díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. "Òkè tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni mo kọjú sí. Ògiri ilé Arábìnrin Adéọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lẹ́yìn. Iwájú ẹsẹ̀ mi ni igi náà wà." Ó dúró. "Ibí."

Ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí Ọláoyè ti ń wá a. Ọkọ́ Ọláoyè wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò kan nǹkan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dún gbà. Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kó erùpẹ̀ kúrò, ó fi etí ìró nù ún. Nọ́ńbà hàn lórí sìmẹ́ńtì. Fúnkẹ́mi kà á, ó wo ìwé, ó tún kà á.

"Ó pé, Bàbá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ọláoyè wọ sálúbàtà rẹ̀ padà. Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, erùpẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọlọ́run ṣeun! Èmi ni wọn ìbá máa bú títí ayé."

"Ẹ wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Bàbá, kí n yà yín ní fọ́tò," ni Fúnkẹ́mi wí.

"Òkúta ni kí o yà."

Ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì gba àárín koríko lọ.