Ẹrù Tó Ń Ti Òkè Òkun Bọ̀ Ní Orúkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn ìwé líle tí wọ́n fi ń di ẹrù wá láti òkè òkun dùn mọ́ mi nímú ju òórùn ọbẹ̀ ẹja lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín mi, ẹ kò jẹ̀bi. Olùkọ́ ni bàbá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ìwé ńlá kan tí ilé ìtajà kan ní ìlú òyìnbó fi ránṣẹ́ sí i, tí àwòrán ọjà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: abẹ́rẹ́, ọṣẹ, bọ́tìnì, dígí, ife. Èèyàn á yan ohun tó wù ú, á kọ lẹ́tà, á fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, á sì jókòó máa retí. Ọkọ̀ ojú omi á gbé ẹrù náà dé Èkó, rélùwéè á gbé e dé Ìbàdàn. Kó tó dé, òṣùpá á ti lé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn á sì ti gbàgbé ohun tó rà. Èmi kì í gbàgbé. Tó bá dé, n kì í gé okùn rẹ̀. Mo máa ń tú u ní kókó kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á sì máa ní ṣé mo fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun ni.

Abẹ́rẹ́ wà ní Ọjà'ba, bọ́tìnì wà ní Oríta-mẹ́rin. Àwọn èèyàn sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá rà lọ́jà, mo ti rí i kí n tó sanwó. Èyí tó ń bọ̀ lọ́nà ni mo máa ń rò lójú iṣẹ́, tí mo máa ń rò lórí ẹní. Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, n kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ ní Àrẹ̀mọ, mo di ìwé àwòrán náà mọ́ ẹrù ìyàwó. Iṣẹ́ rélùwéè ni ọkọ mi ń ṣe ní Òṣogbo, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo ń gbé, mo ń fọwọ́ rán aṣọ fún àwọn aráalé. Bàbá ọkọ mi ti dolóògbé, àbúrò bàbá náà ni baálé. Ìmàle ni baálé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkọ mi, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn bá ẹnì kejì jà. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní àná ìgbéyàwó. Ó gbọ́dọ̀ fún kálukú ní orúkọ àpọ́nlé. Mo pe baálé ní Bàbá Olójú-Àánú, mo ń retí pé orúkọ náà á rò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rò ó. Èmi náà kò lórúkọ mọ́. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá ọkọ mi láti ọjọ́ tó ti bímọ.

Ẹrù àkọ́kọ́ tó wá bá mi níbẹ̀, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Ìránṣẹ́ póòsì béèrè ẹni tó ni ín, kò sẹ́ni tó mọ̀, ó bá gbé e fún baálé. Baálé sì fi ọ̀bẹ ya á. Bọ́tìnì fọ́n ká gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọṣẹ olóòórùn dídùn tí mo ti ń retí láti ìgbà òjò, ó gé e sí méjì kó lè wo ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. N kò sì ní purọ́ mọ́ ọn: ìwé kan ṣoṣo tó ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wọ agbo ilé náà rí, ìwé ìpè sí kóòtù ni, ilẹ̀ oko wọn sì bá ẹjọ́ náà lọ.

Ó ní, "Ìyàwó, kò sí ìwé òyìnbó tó máa fi orúkọ obìnrin wọ ilé yìí mọ́. Orúkọ tèmi ni kó máa wà lára ẹ̀. Èmi ni n ó máa gbà á, èmi náà ni n ó máa tú u."

Mo fẹ́ gbọ́ràn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo mú kálámù láti kọ lẹ́tà mìíràn, ọwọ́ mi dúró lójú kan. Ṣé ẹni tó kọ orúkọ kò tíì pè é? Mo lọ bi ìyá ọkọ mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ohun tẹ́nu ò gbọdọ̀ pè, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kọ ọ́." Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá kọ ọ́ sí àwọn òyìnbó pé kí wọ́n fi ẹrù mi ránṣẹ́ sí Bàbá Olójú-Àánú, Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.

Nígbà tó dé, ìránṣẹ́ póòsì wá Bàbá Olójú-Àánú káàkiri Àrẹ̀mọ, ó wá a dé Ìsàlẹ̀ Òsì. Àwọn èèyàn ní tó bá rí i, kó jọ̀ọ́, kó wá mú àwọn náà lọ bá a. Ìròyìn dé etí baálé, ó wọ agbádá, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Akọ̀wé tó wà nílé ìfìwéránṣẹ́ gbé ẹrù náà sójú tábìlì, ó ní bí kò bá sẹ́ni tó gbà á lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa dá a padà sí òkè òkun.

Baálé ní, "Èmi ni. Ìyàwó wa yìí ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ tiyín ni, Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Baálé wúkọ́. Ó wo òrùlé, ó wò mí. Mo ní, "Bọ́tìnì funfun oníhò mẹ́rin ni, méjìlá. Dígí kékeré kan tún wà níbẹ̀, ìdérí ẹ̀ pupa."

Akọ̀wé yẹ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn wò, ó kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lorúkọ yín?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, kò tíì sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Mo dá orúkọ mi fún un ní kíkún, èyí tí bàbá mi sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mo kọ ọ́. Baálé na ọwọ́ sí ẹrù náà.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Tèmi ni."

Mo gbé e lé orí, mo gba Bẹẹrẹ kọjá lójú gbogbo ayé, lábẹ́ òkè Mápó tí wọn kò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sí nígbà náà. Ẹrù tí kò tó iṣu kan, mo rù ú bí ẹni ru adé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe ilé jọ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo kúnlẹ̀ torí ẹ jù mí lọ. N ò kúnlẹ̀ torí mo jẹ̀bi." Baálé ní bí ẹrù kan bá tún fi orúkọ mi kọjá ẹnu ọ̀nà òun, èmi àti ẹrù náà la jọ máa padà sílé bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní tan yín. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n kò sì fẹ́ di dálémosú. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo ní, "Kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà, Bàbá."

Lóòótọ́ kò kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹrù mi bá dé, ìta ni mo ti ń gbà á, lábẹ́ igi odán tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń jókòó sórí òkúta níbẹ̀, mo máa ń tú okùn ní kókó kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí baálé lè rí mi dáadáa. Àwọn ìyàwó ilé á yọjú, wọ́n á súnmọ́, wọ́n á ní kí n jẹ́ káwọn gbóòórùn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wọlé, màá fi ìwé tó ní orúkọ mi sábẹ́ òkúta, màá mú bọ́tìnì nìkan dání. Baálé á ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, á yíjú sápá kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi wá jókòó tì mí lábẹ́ odán. Ó ní kí n ṣí ìwé àwòrán. Ó wò ó títí, ó fìka lé ife tánganran kan tó ní òdòdó pupa létí. Mo bi í pé orúkọ ta ni kí n ní kí wọ́n kọ sí i lára. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ sí mi létí, ó pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọwọ́ ò gbọdọ̀ kọ ọ́, Ìyá."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ọwọ́ ẹ ni mo fún láṣẹ. N ò fún ẹnu ẹ."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ife náà dé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Ìránṣẹ́ póòsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ náà sókè. Àwọn ọmọdé wo ara wọn. Baálé jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Máa lọ."

Ìyá ọkọ mi dìde lórí ẹní. "Èmi ni."

Baálé ní, "Ìwọ?"

"Èmi ni, Bàbá. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ ni yín nígbà tí mo wọlé yìí, ẹ sì jó níjọ́ ìyàwó mi. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn."

Ó gba ẹrù lọ́wọ́ ìránṣẹ́ póòsì. Kò lọ sábẹ́ odán. Ó gbé e wọlé tòun ti ìwé, tòun ti okùn, tòun ti orúkọ. Ẹsẹ̀ baálé na dí ọ̀nà. Ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó jẹ́ kó kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà kò tú ẹrù níta mọ́.

Ife yẹn ni ìyá ọkọ mi fi ń mu ẹ̀kọ títí ó fi fi wá sílẹ̀. Mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ, àwọn ọmọ mi sì ń ní kí ni mo tún ń retí nílé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ ogbó yìí. N kì í dá wọn lóhùn. Ife ti fọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi dì í wà nínú àpótí mi, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà, tí ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí kọ síbẹ̀ lókè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá kà á fúnra rẹ̀. Èmi kò ní pè é. Ọwọ́ mi ló fún láṣẹ, kò fún ẹnu mi.