Kárávàànù Tí Kò Kúrò Níwájú Ilé

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ike tí oòrùn ti yan, inú á bí mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ní Becontree Heath ní Lọ́ńdọ̀nù, dádì mi so kárávàànù, ilé kékeré onítáyà, mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, a fẹ́ lọ sùn létí òkun. Wòólì ìjọ wa wá gbàdúrà sí i. Ó wọ́n omi sí táyà, ó dijú.

"Bàbá Ṣadé, ewu ń bẹ lọ́nà. Ẹ má lọ o."

Dádì pa mọ́tò. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, mo ké títí. Inú òórùn ike kárávàànù níwájú ilé la ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tá a fẹ́ gbé lọ etí òkun.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mọ́mì ló rán wòólì: dádì ti féèlì ìdánwò àtifa kárávàànù, òfin ò sì gbà á láyè láti fà á.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn sọ fún un pé kó má lọ, Mọ́mì?"

"Lójú ẹ̀yin ọmọ ẹ̀?"