Obìnrin Onílàálì Mẹ́sàn-án Tí Mo Yọ Kúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Tẹ̀dé nígbà tí ọdún Iléyá ku díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ ìṣègùn tuntun, kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yín, àwa kan wà tí a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe ló ń ṣe lóòótọ́? Ṣé kò ní ṣe èèyàn léṣe? Ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn, mekáníìkì ni wọ́n rò pé mo jẹ́. Bàbá kan tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá wá bá mi pé kí n bá òun tún un ṣe!

Lọ́dún yẹn, ẹ̀rọ kan dé. Kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Èèyàn á ki ìka bọ̀ ọ́, iná pupa kékeré á tàn, kéèyàn tó ka ení dé ogún, ó ti sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára ẹni tàbí kò tó. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí pé à ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù. Nítorí àwọn aláboyún ni wọ́n ṣe dìídì ṣe é.

Ọkàn mi fà sí ẹ̀rọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Ràfíátù, àbúrò tó tẹ̀lé mi, abúlé kan nítòsí Tẹ̀dé ló lọ́kọ sí. Nígbà tó lóyún, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí ọlọ́kadà gbé e lọ sí Ṣakí fún àyẹ̀wò. Òjò ń rọ̀, ọ̀nà sì bàjẹ́. Èsì tó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an dé ní ọjọ́ kejì tó bímọ. Ó ti kú. Ọmọ náà kò dúró.

Láti ìgbà yẹn ni màmá mi ti ń bi mí pé níbi iṣẹ́ mi, ṣé a ò tíì rí ohun tó lè tètè sọ fún èèyàn? Bí mo ṣe rí ẹ̀rọ yìí báyìí, mo pè wọ́n pé ó ti dé, kí wọ́n ṣáà máa gbàdúrà. Ṣé ẹ rí mi? A ò tíì gbé ẹ̀rọ kúrò nínú páálí tí mo ti fún un ní máàkì!

Àwa mẹ́rin la lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Tẹ̀dé. Aláboyún á ki ìka bọ ẹ̀rọ, a ó kọ ohun tó bá sọ. Lẹ́yìn náà la ó gún ìka rẹ̀, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, a ó wá fi méjèèjì wéra. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, nọ́ọ̀sì á fún un ní oògùn lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun kan náà ni ẹ̀rọ àti abẹ́rẹ́ ń sọ. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú yàrá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Iléyá ti sún mọ́lé, àwọn obìnrin sì ti ń lé làálì. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, ta ló fẹ́ fi ọwọ́ lásán ṣọdún? Làálì dúdú kirikiri, láti èékánná dé ọrùn ọwọ́. Bí wọ́n bá ti ki ìka bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ní ẹ̀jẹ̀ wọn pé. Bí a bá wá gún ìka wọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan kò tó rárá! Làálì ló ń dí iná pupa yẹn lójú.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Àyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù wa fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò mọ́. Ẹni tó ti oko dé, tí ẹrẹ̀ tàbí epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, la ṣe é fún. Bí a bá ti sàmì síbẹ̀, a kò ní ka ẹni náà mọ́ ọn. Mo sàmì sí ti onílàálì àkọ́kọ́. Mo sàmì sí ti ìkejì. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n ti di mẹ́sàn-án. Mò ń sọ fún ara mi pé làálì á ṣáà ṣí kúrò, pé ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ta ni mò ń tàn? Mo fẹ́ kó yege ni.

Ní ọjọ́ kẹta, aláboyún kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Múrí wọlé. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ó sì ń mí gúlegúle. Ẹ̀rọ ní kò sí wàhálà. Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ kò tó. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá oògùn fún un, èmi mú báírò láti sàmì sí tirẹ̀ náà. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ pé ìka yín kò mọ́ ni.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yìí kí n tó jókòó o. Làálì ọdún lẹ wá ń pè ní ìdọ̀tí?" Ó tún ní, "Gbogbo wa náà la lé e. Tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo wa kúrò, ta ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ yín wò?"

Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, àmọ́ ọwọ́ Ràfíátù ni mò ń rí. Èmi wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà náà, làálì ṣì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì ṣí rárá. Ká ní ẹ̀rọ yìí wà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kí ni ì bá sọ fún wa? Ì bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. À bá gbà á gbọ́, à bá sì fọkàn balẹ̀.

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Ìyá Múrí rò pé òun ló bí mi nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí!

Nírọ̀lẹ́, mo kó fọ́ọ̀mù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ bá ọ̀gá wa, mo jẹ́wọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kí n dá gbogbo wọn padà sínú èsì, kí n sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìdí tí mo fi yọ wọ́n. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ. A tún wo àwọn onílàálì púpọ̀ sí i, ibì kan náà ló já sí. Nígbà tí ó tó àkókò láti kọ ìdájọ́ wa, èmi ni wọ́n ní kí n kọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn: kí ẹnikẹ́ni má tíì lò ó, kí àwọn tó ṣe é lọ tún un ṣe.

Mo lọ bá màmá mi nílé. Wọ́n ń ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Mo sọ fún wọn pé kò yege, pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ti làálì. Wọ́n gbé òwú sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, èyí tó máa purọ́ fún ọmọ mi, kí wọ́n máa gbé e lọ." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá rọra bi mí bóyá àwọn tó ṣe é á tètè dá a padà. Mo gbé òwú náà, mo bá wọn ká a.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí nǹkan bá wu èèyàn jù, ojú á máa fo àléébù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àwa tí à ń yẹ ẹ̀rọ wò ń fi nǹkan falẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé kò wù wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti wù yín débi pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò lára òótọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, n kò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ní tèmi o, mo ṣì ń retí. Bí wọ́n bá gbé páálí tuntun wọ ọ́fíìsì wa báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde lọ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rọ náà kò tíì padà dé.